Bí ẹ ṣe lè so sípíkà mìíràn mọ́ P.A. alágbèéká láì jó ẹ̀rọ

Ẹgbẹ́ tí kò ní P.A. alágbèéká tirẹ̀ kò pọ̀ mọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Regbérẹ́gbẹ́ tó ń ṣe ìpàdé nítorí Ojúde Ọba ní tiwọn, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ ní Ìpẹru ní tiwọn, mọ́sáláṣí àdúgbò ní Ṣàgámù náà ní tiwọn. Sípíkà kan tó ní táyà nídìí, tó ní bátìrì nínú, pẹ̀lú máìkì aláìníwáyà méjì: bí èèyàn bá jẹ́ ogójì lábẹ́ kánópì méjì, ó tó wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá to kánópì mẹ́fà gba ojú títì lọ ni wàhálà máa ń dé. Etí àwọn tó wà níwájú á máa ho, àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn á sì máa bi ara wọn pé, "Kí ni wọ́n wí?" Ó máa ń dùn mí kí ìyá ẹni àádọ́rin ọdún wọ aṣọ ẹgbẹ́ wá sí ìpàdé, kó sì padà sílé láì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan.

Yíyí fólúùmù sókè kì í tán an. Ní gbangba, bí ẹ bá jìnnà sí sípíkà ní ìlọ́po méjì, ohùn á fi decibel 6 dín kù (decibel ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó). Bí ẹ bá sì ra anpilifáyà, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, tí watt rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àtijọ́, decibel 3 péré lẹ rí kún un. Kí ẹni tó jókòó ní mítà 20 tó lè gbọ́ bí ẹni tó wà ní mítà 10 ṣe ń gbọ́, watt 100 ní láti di 400. Sípíkà kékeré kan tí ẹ gbé lọ sí àárín èrò á ṣe iṣẹ́ yẹn lówó pọ́ọ́kú. Torí kí ohùn lè dé ọ̀dọ̀ èèyàn la ṣe ń fi sípíkà kún sípíkà, kì í ṣe torí kó lè pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi èyí sọ́kàn, gbogbo ìpinnu yòókù á rọrùn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ yín

Kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ yí ẹ̀rọ náà padà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ ń wá ìdáhùn sí: ibo ni anpilifáyà wà?

Bí sípíkà fúnra rẹ̀ bá ní ihò iná NEPA tàbí ihò ṣájà, tó sì ní bọ́tìnnì fólúùmù, anpilifáyà wà nínú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní active. Bó bá jẹ́ ihò wáyà sípíkà nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò sí ibi tí iná ń gbà wọlé, passive ni. Anpilifáyà tó wà lọ́tọ̀, tàbí míkísà (àpótí tó ń da ohùn máìkì àti orin pọ̀) tó ní anpilifáyà nínú, ló ń gbé e. Ẹ̀yà kẹta ni ẹlẹ́nu fèrè tí ẹ ń rí lórí mọ́sáláṣí, èyí tí wọ́n kọ 70V àti 100V sí ẹ̀yìn anpilifáyà rẹ̀.

Ohun méjì ló máa ń ba nǹkan jẹ́ níbí. Èkíní ni kí èèyàn fa wáyà láti ihò sípíkà anpilifáyà lọ sínú LINE IN, ihò tí ohùn ń gbà wọlé, ti sípíkà active. Iná tó ń jáde níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ihò yẹn lè gbà lọ, ó sì lè jó o. Èkejì ni kí èèyàn so passive mọ́ LINE OUT, ihò tí ohùn lásán ń gbà jáde. Ìyẹn ò ní jó nǹkan kan, àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ ju ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ, ẹnì kan á sì sọ pé sípíkà náà ti bàjẹ́ nígbà tí kò sí ohun tó ṣe é.

Bó bá jẹ́ active

Èyí ló rọrùn jù. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń ra ẹ̀rọ tuntun, òun ni mo máa ń ní kí wọ́n rà. Sípíkà kejì ń gbé anpilifáyà àti bátìrì tirẹ̀ wá, kò gbé ẹrù kankan lé èkíní lórí. Ohùn lásán ló ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá ihò tí wọ́n kọ LINE OUT, MIX OUT tàbí LINK sí lẹ́yìn sípíkà àkọ́kọ́. Ẹ ṣọ́ra níbi LINK, tí àwọn kan ń kọ THRU sí. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ohun tó gba ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé nìkan ló ń gbé jáde. Bí ẹ bá rí i pé orin ń dún nínú sípíkà kejì ṣùgbọ́n máìkì kò dún níbẹ̀, ohun tó fà á nìyẹn. MIX OUT ló ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, máìkì, orin àti ohun gbogbo. Bí méjèèjì bá wà, MIX OUT ni kí ẹ lò.

Lẹ́yìn ìyẹn:

1. Ẹ pa àwọn ẹ̀rọ méjèèjì. Ẹ yí fólúùmù èkejì dé òdo.
2. Ẹ fa wáyà láti ihò àbájáde ti èkíní lọ sínú LINE IN ti èkejì. Bí bọ́tìnnì kékeré kan bá wà tí wọ́n kọ MIC/LINE sí, ẹ tì í sí LINE. Bó bá wà ní MIC, ohùn á máa ya láti ìbẹ̀rẹ̀.
3. Ẹ tan èkíní, ẹ gbé ohùn rẹ̀ dé ibi tí ẹ máa ń lò ó. Ẹ wá tan èkejì, ẹ sì máa yí i sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹnì kan ṣe ń sọ̀rọ̀ sínú máìkì.
4. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀kẹta, láti ara èkejì lẹ ó ti fa tirẹ̀.

Bí ibẹ̀ bá jìn, wáyà XLR oníhò mẹ́ta ni kí ẹ lò, èyí tí ẹ mọ̀ mọ́ máìkì oníwáyà. Bí ẹ̀rọ méjèèjì bá ní ihò rẹ̀, ó lè gba àádọ́ta mítà kọjá láì kó ariwo. Wáyà RCA pupa àti funfun, irú ti DVD, kò yẹ kó kọjá mítà mélòó kan. Bó bá gùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Bí ẹ̀rọ yín kò bá ní ihò àbájáde rárá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn onítáyà olówó pọ́ọ́kú ni kò ní. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u kó lọ fa wáyà láti ara sípíkà inú rẹ̀. Anpilifáyà inú rẹ̀ ò ju kó gbé sípíkà tó bá a wá lọ. Ohun tó dáa ni kí ẹ ra míkísà kékeré kan, kí máìkì wọ inú rẹ̀, kí apá L (òsì) rẹ̀ lọ sí sípíkà kan, kí apá R (ọ̀tún) lọ sí èkejì. Máìkì aláìníwáyà tó bá ẹ̀rọ wá kò lè wọ inú míkísà, torí inú sípíkà ni ohun tó ń gba ohùn rẹ̀ wà. Ẹ máa nílò máìkì oníwáyà, tàbí aláìníwáyà tí àpótí ìgbohùn rẹ̀ dá dúró.

Àwọn kan á sọ fún yín pé Bluetooth lè so sípíkà méjì pọ̀. Lóòótọ́ ni, bí méjèèjì bá jẹ́ oríṣi kan náà. Ṣùgbọ́n lára púpọ̀ nínú wọn, orin inú fóònù ló ń kọjá, máìkì kì í kọjá. Ẹ dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ tó sanwó.

Bó bá jẹ́ passive: ẹ ṣírò ohm

Ibí ni anpilifáyà ti ń jó jù, torí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Lẹ́yìn sípíkà kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí àmì Ω wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 8 tàbí 4 lọ́pọ̀ ìgbà. Ohm nìyẹn. Ó ń sọ bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Ẹ rò ó bí ẹnu páìpù: bí ohm bá ṣe ń kéré sí i ni ẹnu páìpù ń fẹ̀ sí i, tí omi púpọ̀ ń sáré jáde lára táǹkì. Lẹ́yìn anpilifáyà náà, wọ́n á kọ ohm tó kéré jù lọ tó lè gbà síbẹ̀, bíi "4Ω MIN" tàbí "4–8Ω". Ẹ ò gbọ́dọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ nọ́ńbà yẹn.

Bí ẹ bá so sípíkà méjì pa pọ̀, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, ohm wọn á dín kù. Bí wọ́n bá jẹ́ iye kan náà, ẹ fi iye sípíkà pín in: 8 méjì á di 4, 8 mẹ́rin á di 2. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀, kí ẹ fi àròpọ̀ wọn pín in. 8 àti 4: 8 lọ́nà 4 jẹ́ 32, 8 àti 4 jẹ́ 12, ìdáhùn jẹ́ 2.67.

Ẹ jẹ́ ká mú míkísà tó ní anpilifáyà nínú, tí apá L àti R rẹ̀ lè gba 4 ohm, tó sì ti ń gbé sípíkà 8 ohm kan lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè fi 8 ohm kan kún apá kọ̀ọ̀kan, á di 4, kò séwu. Sípíkà mẹ́rin lẹ ní báyìí. Bí ẹnì kan bá tún gbé ìkarùn-ún wá láti ilé ìjọ kejì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ gbé e padà, torí apá tó bá bọ́ sí á di 2.67.

Ẹ ṣàkíyèsí ihò méjì tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ sípíkà passive. Àwọn èèyàn á so wáyà láti ihò kejì lọ sí sípíkà tó kàn, wọ́n á sì rò pé lára sípíkà ni ìyẹn ti ń mu, kì í ṣe lára anpilifáyà. Lára anpilifáyà ló ti ń mu! Ihò méjèèjì ti so pọ̀ nínú, ìṣirò òkè yìí náà ló kàn án.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí ohm bá kéré jù? Nígbà tí ohùn bá ṣì wà nílẹ̀, ẹ lè má rí nǹkan kan. Bí olórin bá wá gbé e sókè, ẹ̀yìn anpilifáyà á gbóná débi tí ọwọ́ ò ní lè dúró lórí rẹ̀, iná pupa tí wọ́n kọ PROTECT sí á tàn, ohùn á já, á padà wá, á tún já. Èyí tí kò ní ààbò yẹn, òórùn jíjó lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́.

Ọ̀nà kan tún wà, kí ẹ so wọ́n tẹ̀ lé ara wọn: dúdú ti èkíní mọ́ pupa ti èkejì. Nígbà náà ohm ń pọ̀ sí i, 8 àti 8 á di 16. Anpilifáyà ò lè jó, ṣùgbọ́n agbára tó máa gbé jáde á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù dé ìdajì. Bí wáyà kan bá já, gbogbo wọn á dákẹ́. Àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ni mo máa ń lò ó, sípíkà tó bá sì jọra nìkan ni mo ń lò ó fún.

Bí wọ́n bá ti ti anpilifáyà yín sí BRIDGE, níbi tí apá L àti R ti ń pawọ́ pọ̀ gbé ẹrù kan, ẹ má fi sípíkà kankan kún un kí ẹ tó bi ẹni tó so ó. Nínú BRIDGE, apá kọ̀ọ̀kan ń rí ìdajì ohm sípíkà, ìyẹn ni pé anpilifáyà tó ń gba 4 ohm lápá kan á fẹ́ 8 ohm ó kéré tán.

Ní ti watt, RMS, agbára tó lè máa gbé láìdúró, ni kí ẹ wò. PMPO tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí kò wúlò fún ìṣirò kankan. Ẹ má sì rò pé anpilifáyà kékeré kò lè ba sípíkà ńlá jẹ́. Bí ẹ bá ń fipá yí i sókè títí ohùn fi ń ya, ohùn yíya yẹn gan-an ló ń jó twítà, sípíkà kékeré inú rẹ̀ tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde.

Wáyà

Wáyà máìkì kì í ṣe wáyà sípíkà. Okùn inú rẹ̀ tín-ín-rín jù. Ẹ má sì fi wáyà sípíkà ṣe ti máìkì, torí kò ní ìbòrí tó ń lé ariwo, á máa kùn.

Láti anpilifáyà dé sípíkà tó wà ní mítà 30, iná ń rin mítà 60, lílọ àti bíbọ̀. Bí wáyà bá jẹ́ 1 mm, nǹkan bí ohm 1 ló wà nínú rẹ̀. Fún ẹrù 4 ohm, ìdá kan nínú márùn-ún agbára yín ló ń gbóná dànù sínú wáyà. Bó bá jẹ́ 2.5 mm, ohm 0.4 ni, èyí tó ń ṣòfò kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ ra 2.5.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ bó orí rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi abẹ ha okùn kan. Bó bá pupa dé inú, bàbà ni. Bí pupa yẹn bá ṣí, tí funfun yọ lábẹ́ rẹ̀, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Kì í gbé iná dáadáa tó bàbà, ó sì ń ṣẹ́ bí wọ́n bá ń ká a.

Nígbà tí ẹ bá ń so ó, sẹ̀ǹtímítà kan ni kí ẹ bó. Ẹ lọ́ àwọn okùn rẹ̀ pọ̀ kí ẹyọ kan má yọ síta lọ kan ẹnì kejì rẹ̀, torí okùn kan ṣoṣo tó bá kan òdìkejì lè pa anpilifáyà. Ìdí kan náà ni a ò ṣe ń yọ jáàkì sípíkà nígbà tí anpilifáyà bá ń ṣiṣẹ́: orí rẹ̀ lè kan ohun tí kò yẹ bó ṣe ń jáde.

Ẹ rí i pé pupa anpilifáyà lọ sí pupa, tí dúdú lọ sí dúdú, lára gbogbo sípíkà. Bí ọ̀kan bá yí padà, tí wọ́n sì wà nítòsí ara wọn, béèsì á ṣá. Bí ẹ kò bá mọ èwo ni pupa lára sípíkà àtijọ́ kan, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára anpilifáyà, ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5V, ẹ fi okùn méjèèjì kan orí àti ìdí rẹ̀ fìrí. Ẹ gbájú mọ́ bébà sípíkà ńlá inú rẹ̀. Bó bá ta síwájú, okùn tó wà lórí bátìrì ni pupa. Bó bá wọnú, èkejì ni. Ẹ fi téèpù pupa sàmì sí i lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́nu fèrè

Ti mọ́sáláṣí àti ti ọkọ̀ ìpolówó yàtọ̀. Bí tiransifọ́mà bá wà nídìí fèrè náà, tí wọ́n kọ 100V síbẹ̀, ẹ ò ní ṣírò ohm mọ́, watt lẹ máa ròpọ̀. Fèrè mẹ́rin tí ẹ so sí ojú 10W jẹ́ 40W; anpilifáyà 60W á gbé e pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ má so fèrè tí kò ní tiransifọ́mà mọ́ ojú 100V láéláé, á jó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì pa anpilifáyà kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà rẹ̀, torí ó lè gbé èèyàn.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí

Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 345 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà yára ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bí sípíkà kejì bá wà ní mítà 35 sí èkíní, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gbọ́ ti iwájú rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, á sì tún gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà láti orí ìtàgé ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ méjì á máa gun ara wọn. Àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ti ń wúwo kò ní rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀.

Bí àlàfo wọn kò bá ju mítà mẹ́wàá lọ, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ ẹ̀yìn sípíkà kejì sí ìtàgé, kí ojú rẹ̀ kọ ibi tí ojú sípíkà iwájú kọ, kí ohùn rẹ̀ sì mọ ní ìwọ̀n tí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ lè gbọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí sípíkà méjì kọjú síra wọn láé. Bí míkísà yín bá ní DELAY, èyí tó ń dá ohùn dúró díẹ̀ kó tó jáde, tí wọ́n lè fi sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ fún sípíkà ẹ̀yìn ní mílísẹ́kọ́ńdì 3 fún mítà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ gbé wọn sórí ẹsẹ̀, kí ẹnu wọn ga ju orí èèyàn tó dìde lọ. Gèlè àti fìlà ń mu ohùn. Kí máìkì sì wà lẹ́yìn gbogbo sípíkà. Bí ẹni tó mú un bá rìn kọjá síwájú, sípíkà á hu. Nínú gbọ̀ngàn onípáànù tí kò ní sílíǹgì, sípíkà kékeré mẹ́rin tí ohùn wọn lọ sílẹ̀ dára ju ńlá méjì tó ń ké lọ.

Wáyà tó bá gba ojú ọ̀nà, ẹ gbé e gba orí òpó kánópì. Bí kò bá ṣeé gbé, ẹ fi téèpù fífẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí ẹni tó wọ ìró kì í rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ibi tí wáyà méjì ti so pọ̀ wà nílẹ̀ tútù, pàápàá nígbà òjò.

Iná, àti ìdánwò

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I pass my neighbour kì í sábà ju watt 650 lọ. Ó lè gbé sípíkà active méjì àti míkísà, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ki fíríìjì bọ̀ ọ́. Gbogbo ẹ̀rọ ohùn ni kó ti orí ẹksitẹ́ńṣọ̀n kan náà mu iná. Bí ọ̀kan bá ń mu láti ara NEPA tí èkejì ń mu láti ara jẹnẹrétọ̀, wọ́n á máa kùn. Míkísà lẹ máa kọ́kọ́ tàn, anpilifáyà ló máa kẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá ń pa á, anpilifáyà ló máa kọ́kọ́ kú.

Ẹ ṣe ìdánwò kí àwọn èèyàn tó jókòó, kí ẹ sì mọ̀ pé bí wọ́n bá kún, ohùn á rọlẹ̀ díẹ̀. Kí ẹnì kan máa ka nǹkan sínú máìkì, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tàbí Bíbélì, kì í ṣe "hẹlóò, hẹlóò". Kí ẹlòmíràn rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn pátápátá. Nígbà tí èrò bá dé, ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà kan lẹ́yìn, kí ẹ bi í pé, "Ìyá mi, ṣé ẹ ń gbọ́?" Bó bá ní, "Mò ń gbọ́ ariwo, ọmọ mi, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀," ẹ má yí i sókè. Ẹ yí béèsì máìkì wálẹ̀, kí ẹ yọ ẹ̀kò (echo, gbohùngbohùn inú ẹ̀rọ) kúrò, kí ẹ tún àlàfo sípíkà ẹ̀yìn wò.

Bí PROTECT bá tàn láàárín ayẹyẹ, ẹ yí ohùn wálẹ̀, ẹ pa á, ẹ yọ gbogbo sípíkà, kí ẹ dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí iná pupa bá tàn sí, wáyà rẹ̀ ló kan ara wọn tàbí ohm rẹ̀ ló ti pọ́n anpilifáyà lójú.

Bí ẹ bá délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ki ṣájà bọ ẹ̀rọ onítáyà yín kí ẹ tó sùn. Bátìrì lẹ́ẹ̀dì tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ láìní iná nínú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í gba iná dáadáa mọ́. Ẹ máa fi sí ṣájà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí ẹgbẹ́ ò bá tilẹ̀ ní ìpàdé.